Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àìmọ̀rora Àbínibí àti Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ni yóò ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Ohun tí a sábà máa ń fi òwe yìí yọ ni pé ẹni tí ó ni ìṣòro ni ó yẹ kí ó wá ojútùú sí i. Ṣùgbọ́n òwe náà gbé ohun mìíràn pamọ́ sínú. Ó gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀gún gún yóò mọ̀ pé ẹ̀gún gún òun. Ìrora ni ó mú un dúró lójú ọ̀nà, ìrora ni ó mú un tiro, ìrora náà ni ó sì júwe ilé alábẹ fún un. Bí ẹ̀gún bá wá gún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára ńkọ́? Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní tiro rárá. Yóò tẹ ẹ̀gún náà mọ́lẹ̀ lọ sí oko, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bọ̀, títí ẹsẹ̀ yóò fi wú tí yóò sì kẹ̀, kí ojú ẹlòmíràn tó rí i.

Àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu gan-an wà láyé. Wọn kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n wà. A bí wọn pẹ̀lú ojú tí ó ń ríran àti ẹsẹ̀ tí ó ń rìn; ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ bí a bá fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìrora nìkan ni kò sí. Àìmọ̀rora àbínibí ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò fún un.

Láti Ararọ̀mí-Òwu, ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni iṣẹ́ yìí yóò ti máa wo ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé ìtàn àìsàn yìí ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irú ìletò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń lọ bá iṣẹ́ pàdé, nígbà tí ó jẹ́ pé Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ilé-ìwòsàn ńlá tí ó ní dókítà onímọ̀ iṣan àti ọpọlọ wà. Orúkọ ìletò náà pàápàá bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ọ̀pọ̀ ibùdó ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń jẹ́ Ararọ̀mí. Ẹni tí ó ti rí ìnira níbòmíràn ni ó máa ń wí pé ara rọ òun. Àwọn ọmọ Òwu sì ní ìdí láti wí bẹ́ẹ̀. Aáwọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ọjà Àpòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára ohun tí ó bí ogun Òwu. Ogun náà fọ́n wọn ká, apá kan nínú wọn sì bá ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1834. Ẹni tí ara ti ni rí ni ó lè mọ̀ pé ara rọ òun.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn ni bí wọ́n ṣe ń ka ara tí kò mọ ìrora ní ilẹ̀ Yorùbá, àti ohun tí ìkàkúkà máa ń ná ẹni tí ó ni ara ọ̀hún.

Ìrora nínú Èdè Yorùbá

Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé ara òun kò dá, ẹ̀yà ara ni ó máa ń fi ṣe olùwà gbólóhùn. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Orí ń fọ́ mi. Inú ń run mí. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ọgbẹ́ ń ta mí. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ẹni tí ó ni ara ti di àbọ̀. Ẹ̀yà ara ni ó ń ṣe nǹkan sí i. Ẹsẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ni ín ni ó ń gbọ́. Olùkọ́ èdè lè ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀fọ́rí kì í ṣe inú rírun, ẹ̀yìn ríro kì í sì í ṣe títa ọgbẹ́. Ó wá jẹ́ ìyanu pé èdè tí ó la ìrora sí ọ̀nà tó báyìí kò ní orúkọ kan nílẹ̀ fún ara tí a bí láìní ìrora.

Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni kí a sọ pé ẹ̀yà ara kú. Ẹni tí ó jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ yóò ní ẹsẹ̀ òun ti kú, yóò sì máa fi ọwọ́ gbá a títí ara rẹ̀ yóò fi padà sípò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tí kò mọ̀rora kò kú. Ó ń sáré, ó ń gun igi, ó ń fo kòtò. Ó tilẹ̀ lè mọ̀ bí èèrà bá ń rìn lórí rẹ̀. Níwọ̀n bí orúkọ rẹ̀ gan-an kò ti sí nílẹ̀, orúkọ àyálò ni aráyé máa ń fún un. Ọmọ tí a nà tí kò sunkún ni a ń pè ní olóríkunkun. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ lásán gbé ẹ̀yinná ni a ń pè ní ògbójú. Èyí tí ó já ahọ́n ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà, tí kò sì pariwo, àwọn àgbà yóò máa wò ó tìfura-tìfura. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tí ó jẹ́ orúkọ àìsàn. Ìwà ni gbogbo wọn ń sọ, ìwà sì ni ohun tí òbí àti olùkọ́ máa ń fẹ́ fi ẹgba tún ṣe.

Òkígbẹ́ àti Ara Tí Irin Kò Dùn

Ìkàkúkà kan wà tí ó léwu ju ti olóríkunkun lọ, òun sì ni ti iyì. Láyé ogun, ayẹta ni jagunjagun ń wá kí ọta ìbọn má bàa wọlé sí i lára, òkígbẹ́ ni ó ń wá kí àdá má bàa ràn án. Ẹni tí a bá gbọ́ pé irin kò ràn, ẹnu a máa kún fún ìyìn rẹ̀. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí a wo ọmọ tí abẹ́rẹ́ gún tí kò mira, kí a sì wí pé bàbá rẹ̀ ti ṣe é lóògùn.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni, wọ́n sì takora. Ohun tí òkígbẹ́ ṣèlérí ni pé awọ kò ní gé. Ní ti ẹni tí kò mọ̀rora, awọ rẹ̀ ń gé bí awọ gbogbo ayé, eegun rẹ̀ ń dá, ẹran ara rẹ̀ ń jóná. Ìròyìn rẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ààbò kankan níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n yọ agogo ojúde rẹ̀ lọ ni, kì í ṣe ìlú tí wọ́n mọ odi yí ká.

Ilẹ̀ Yorùbá nìkan kọ́ ni a ti ń fi irú ara bẹ́ẹ̀ ṣe ìran wò. Àkọsílẹ̀ tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Dearborn tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1932. Ọkùnrin tí ó kọ nípa rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣòwò lórí ìtàgé rí: àwọn aláwòran ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa gún un ní abẹ́rẹ́. Nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí bá ọmọdékùnrin kan pàdé ní àríwá Pakistan, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìlú rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Eré ìta gbangba ni òun náà ń ṣe. A máa fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀ ní àgúnyọ, a sì máa rìn lórí ẹ̀yinná. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 14 ni ó bẹ́ láti orí òrùlé ilé kan, ó sì kú. Ọmọ tí ara kò tíì fìyà jẹ rí kò mọ bí òrùlé ti ga tó.

Ohun Tí Ẹ̀tẹ̀ Kọ́ Ayé

Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí kò mọ̀rora kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí a bí mọ́ ọn wá. Wọ́n kéré ju kí ilé-ìwòsàn kan rí wọn tó láti kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀ ni ó ti wá.

Yorùbá ti mọ ẹ̀tẹ̀ tipẹ́. Òwe tí ó ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà ṣùgbọ́n ó lè da wàrà nù fi hàn pé ọwọ́ tí kò ní ìka mọ́ kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà. Ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀, tí ó tún gbilẹ̀ láàárín àwọn dókítà òyìnbó fún ìgbà pípẹ́, ni pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ ìka. Bẹ́ẹ̀ Hansen ti rí kòkòrò tí ó ń fa ẹ̀tẹ̀ ní Nọ́wè láti 1873. Ẹni tí ó tú àdììtú ìka tí ń jẹ tán ni Paul Brand, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí sí Íńdíà ní 1914, tí ó padà lọ ṣiṣẹ́ ní Vellore ní ilẹ̀ náà ní 1946. Ó ṣàkíyèsí pé ẹran ara ọwọ́ adẹ́tẹ̀ kò burú ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, ó ń jinná. Kí wá ni ó ń jẹ ìka? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ọgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ti ki ọwọ́ bọ iná láti mú ohun tí ó já sínú rẹ̀. Òmíràn ti fi gbogbo agbára yí kọ́kọ́rọ́ tí kò yí, títí ó fi gé e ní ìka. Àwọn mìíràn wà tí ìka wọn ń dínkù lóru tí kò sí ẹni tí ó mọ ìdí, àfi ìgbà tí a ṣọ́ wọn tí a rí i pé eku ni ó ń jẹ wọ́n lójú oorun, tí wọn kò sì jí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fún aláìsàn tí ó ń padà sílé ní ológbò. Nínú gbogbo oògùn tí ìtàn ìṣègùn mẹ́nu bà, bóyá ni òmíràn wà tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà, àwọn ìjọ ajíhìnrere ni ó kọ́kọ́ gbé ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ ru. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ibùdó Uzuakoli sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò ní 1932. Ní Uzuakoli ni John Lowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn, ní ìparí àwọn ọdún 1940, pé dapsone tí a ń gbé mì díẹ̀díẹ̀ lè kápá àrùn náà. Gbogbo ayé ni ó sì jàǹfààní rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a máa lo oògùn mélòó kan pọ̀, ó sì tó nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún ogún kí iye àwọn tí ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà tó wá sí ìsàlẹ̀ ẹnìkan nínú 10,000.

Ṣùgbọ́n oògùn ń pa kòkòrò ni, kò lè jí iṣan ìmọ̀lára tí ó ti bàjẹ́ dìde. Ẹni tí a ti wò sàn ṣì ní ọwọ́ tí kò mọ iná. Ibi tí ẹ̀tẹ̀ ti parí ni àìmọ̀rora ti kù, ibẹ̀ sì ni àwọn olùtọ́jú ti kọ́ àwọn àṣà kéékèèké tí ó di ọ̀nà ìgbàlà: kí ènìyàn máa fi ojú wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́, kí ó máa rẹ ẹsẹ̀ sínú omi kí ó sì fi òróró pa á kí awọ má bàa la, kí ó máa wọ bàtà tí rọ́bà inú rẹ̀ rọ̀, kí ó má ṣe gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìfi àkísà tí ó nípọn dì í.

Brand fẹ́ ṣe ju èyí lọ. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Carville ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbìyànjú láti ṣe ìrora àtọwọ́dá: ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ tí yóò máa kìlọ̀ bí ọwọ́ bá di nǹkan le jù tàbí bí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀ le jù. Wọ́n fi ìró ṣe ìkìlọ̀, wọ́n fi iná títàn ṣe é, nígbẹ̀yìn wọ́n mú un kí ó máa fi iná mànàmáná gbọn ènìyàn níbi tí ara ṣì ti mọ nǹkan. Kò ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá ní ohun tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe kíákíá, yóò pa ẹ̀rọ náà, yóò ṣe é tán, yóò sì tún un tàn. Ìrora tòótọ́ kò ní ibi tí a ti ń pa á.

Ìbàdàn, 1968

Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, UCH, ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1957. Ní 1962 ni Latunde Odeku, tí ìdílé rẹ̀ ti Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́ wá, dé láti Amẹ́ríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, akéwì sì ni pẹ̀lú. Kayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, ni onímọ̀ àrùn iṣan àti ọpọlọ. Lucio Luzzatto ti Genoa ní Ítálì wá síbẹ̀ ní 1964, ó sì lo ọdún 10 níbẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ àti àbùdá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta yìí jọ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1968 nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àìmọ̀rora àbínibí tí àìlóye ohun tí etí ń gbọ́ bá rìn.

Orúkọ tí wọ́n fún un nínú àkọlé yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ó kan iṣẹ́ olùkọ́. Ní ìgbà náà, àwọn dókítà ń jiyàn bóyá ìròyìn ìrora kì í dé ọpọlọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rárá, tàbí pé ó ń dé ṣùgbọ́n ọpọlọ kò ka ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn lò tọ́ka sí èkejì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn dà bí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a kọ lẹ́tà sí tí lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kà. Bákan náà ni ti etí: ohùn ń wọlé, òye rẹ̀ ni kò wọlé. Fojú inú wo ọmọ tí kò sunkún bí a nà án, tí kì í sì í dáhùn bí ẹni tí ó gbọ́ bí a bá bá a sọ̀rọ̀. Ta ni yóò wò ó ní kíláàsì tí kò ní pè é ní ọ̀dájú?

Ọdún 1968 yìí kan náà ni Osuntokun tún tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí àrùn tí ó ń pa ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà kú, tí ó ń mú ìrìn wọn ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n, tí ó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Àwọn ìlú bí Ẹ̀pẹ́ àti Òsosà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó ti rí i jù, láàárín àwọn tí oúnjẹ wọn kò ju gbágùúdá lọ, oró inú gbágùúdá ni ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní 1969, a rí àrùn náà lára ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a yẹ̀ wò ní Òsosà. Ìwádìí mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní 2000 rí ìdá 6.0. Àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn kò fi ẹnu kò pẹ̀lú Osuntokun lórí gbágùúdá. Àrùn yìí kì í ṣe àìmọ̀rora àbínibí, kò sì yẹ kí a da wọ́n pọ̀. Ìdí tí ó fi wọ inú ìtàn yìí ni pé ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ mọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Lóde òní, ìtọ̀ ṣúgà ń pa ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ọgbẹ́ tí kò dunni sì ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ Ìbàdàn náà, àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn dé Ìkirè, ojú ọ̀nà Ifẹ̀ tí mọ́tò ń gbà lójoojúmọ́ ni, ìmọ̀ náà kò sì bá àwọn èrò wọ mọ́tò.

Ohun Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ìdí àìsàn náà kò hàn kedere àfi nígbà tí ìmọ̀ àbùdá dàgbà. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan rí àbùdá tí a ń pè ní NTRK1, tí àléébù rẹ̀ máa ń bí ọmọ tí kò mọ̀rora tí kì í sì í làágùn. Ní 2006, àwọn tí ó ṣèwádìí lórí ẹbí ọmọdékùnrin eléré Pakistan yẹn àti ẹbí méjì mìíràn rí òmíràn, SCN9A. Iṣẹ́ àbùdá yìí ni láti kọ́ ilẹ̀kùn kékeré kan sára iṣan tí ń ru ìrora. Iyọ̀ sódíọ̀mù ni ó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé kí iṣan tó lè tan ìròyìn káàkiri. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí, ìròyìn kò ní kúrò lójú kan. Lẹ́tà kò dé rárá nìyẹn. Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ẹbí mẹ́ta náà ni ó ti fi eyín ya ètè tàbí ahọ́n ara wọn ní kékeré.

Bí àìsàn yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS yé. Bàbá ní ẹyọ kan tí ó ní àléébù, ìyá ní ẹyọ kan. Ara àwọn méjèèjì dá, wọ́n mọ ìrora bí gbogbo ènìyàn. Oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó wà pé ọmọ yóò gba méjèèjì. Ibi tí ìbátan bá ti ń fẹ́ ìbátan ni èyí ti máa ń wọ́pọ̀, nítorí ó rọrùn kí àwọn méjèèjì ti jogún àléébù kan náà lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan. Kò dára kí a yọ̀ jù pé àṣà Yorùbá kórìíra kí ìbátan fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó ti gba àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ irú ìyà yìí. Ohun tí ó dájú ni pé kò sí ẹ̀bi ìyá, kò sí ti àjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó fi nǹkan sínú oúnjẹ.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó dunni. Láti ìgbà tí a ti rí ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ni àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ti ń sáré láti ṣe oògùn tí yóò ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ìrora pọ̀ fún. Ní oṣù kìíní 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí suzetrigine, tí ó ń ti ilẹ̀kùn kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ara àwọn tí kò mọ̀rora ni ayé ti kọ́ ohun tí yóò fi tu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lára. Ní ti àwọn tí a kọ́ ọ lára wọn, ìgbìyànjú kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ròyìn rẹ̀ ní 2015: wọ́n fún obìnrin kan tí kò mọ̀rora láti ìbí ní naloxone, ó sì mọ̀ pé nǹkan ń dun òun fún ìgbà àkọ́kọ́. Oògùn tí wọn yóò máa lò lójoojúmọ́ kò tíì ti ibẹ̀ jáde.

Ìtọ́jú

Nítorí náà, ìtọ́jú tí ó wà ni ìtọ́jú tí àwọn adẹ́tẹ̀ ti kọ́ ayé, ojú tí a fi rọ́pò ìrora. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àgbàlagbà ni ẹ̀tẹ̀ sábà máa ń mú, ó ti mọ iná kí ẹ̀tẹ̀ tó dé. Ọmọ tí a bí mọ́ ọn kò mọ iná rí. Èyí ni pé ojú ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ wà fún un.

Ìgbà tí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù ni ìjà àkọ́kọ́. Dókítà eyín lè yún ṣóńṣó eyín náà kí ó má mú mọ́, tàbí kí ó ṣe ohun tí a ń fi bo eyín kí ọmọ má bàa jẹ ahọ́n àti ètè rẹ̀. Ojú ṣe pàtàkì púpọ̀: bí iyanrìn bá kó sí i, kò ní fi ọwọ́ nù ún, ojú náà sì lè fọ́. Ìyá ní láti máa wo ojú, ẹnu, ọwọ́, orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ibì kan bá wú tàbí tí ó gbóná, kí a gbà pé eegun lè ti dá títí dókítà yóò fi sọ pé kò dá. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò rìn lórí eegun tí ó dá, oríkèé rẹ̀ sì lè bàjẹ́.

Ní ti àwọn tí kì í làágùn, ooru ni ó ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ lọ. Ní irú ọ̀sán ẹ̀rùn tí agbègbè Ìkirè mọ̀, ara ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbóná débi pé gìrì yóò mú un, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú kí wọ́n tó gba ọdún mẹ́ta láyé. Ìwẹ̀ omi tútù, abẹ́ igi àti tẹmómítà ni ààbò wọn. Ẹni tí ó bá rò pé gbogbo gìrì ni iṣẹ́ ibà ń ṣe yóò máa fi oògùn ibà ṣòfò.

Ní Iyàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Ọmọ tí ó bá ti la gbogbo èyí já yóò dé ilé-ìwé ní ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ojú ìyá kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ni ó kù.

Ohun tí yóò rí kò ní kọ orúkọ àìsàn sí iwájú orí. Yóò rí àpá iná ní ìka tí ó tó mélòó kan, tí ọjọ́ wọn yàtọ̀ síra. Yóò rí ahọ́n tí ó ní ojú ọgbẹ́ tí ó ti jinná. Yóò rí ọmọ tí ó ṣubú níbi bọ́ọ̀lù, tí ó dìde tí ó ń bá eré lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wọ́. Nínú àwọn tí àìsàn wọn jẹ́ ti SCN9A, kò ní gbọ́ òórùn ọṣẹ tàbí ti ẹja gbígbẹ. Olùkọ́ tí kò mọ̀ lè ronú pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nílé, ó sì yẹ kí ó ronú bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹn ni ó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe parí ẹjọ́ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti fẹ̀sùn kan àwọn òbí lórí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí dókítà tó rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ní ti pàṣán, ọmọ tí a nà tí kò sunkún ni a sábà máa ń fi ẹgba kún ti ẹ̀, kí ó lè sunkún. Lára ọmọ tí kò mọ̀rora, ibi tí ẹkún yẹ kí ó ti dá olùkọ́ dúró kò sí. Ẹran ara ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé ó tó. Olùkọ́ tí ó bá rí ẹni tí ẹgba kò dùn níwájú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó ti sọ pàṣán sílẹ̀, kí ó wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Kí ó wá mú ìwé. Kí ó kọ ọjọ́, ibi tí ọgbẹ́ wà, ohun tí ó fà á bí a bá mọ̀ ọ́n, àti bóyá ọmọ náà sunkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ ìyá tí ó wọ mọ́tò ní Ìkirè lọ sí Ìbàdàn, yóò wúlò fún dókítà ju pé kí ó wí pé ọmọ náà le lọ. Ní àárín ìgbà náà, ìjókòó rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nítòsí ibi tí a ti ń se oúnjẹ. Kí a fi òǹtẹ̀ agogo sí i pé ní ìsinmi àárọ̀ yóò wá fi àtẹ́lẹ̀ ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ han olùkọ́. Kí a sì kọ́ ọ láti máa gbọn inú bàtà rẹ̀ dà sílẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́ lọ sílé, bóyá òkúta ti wọ̀ ọ́, tàbí ẹ̀gún.